Ọdún Iṣu Tí Mo Ṣi Ọjọ́ Rẹ̀ Kà

Ara ògiri pálọ̀ wa ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀, ni kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wà, lókè àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Lórí kàlẹ́ńdà yìí ni mo ti fi bírò pupa yí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan po. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i po, nítorí pé bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, ọwọ́ mi kì í lè dúró jẹ́ẹ́. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kó àwọn ará Ìsọlọ̀ mẹ́tàlá lọ wo ọdún iṣu ní ìlú bàbá mi ní Èkìtì. Kò sí ẹni tó rán mi. Èmi ni mo rán ara mi, bóyá ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí mo lè nàka sí.

Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Ẹ̀kọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́ ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ tí bàbá mi kò tíì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn títí di òní. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, díákónì sì ni wọ́n. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màmá mi. Nínú ilé bíi tiwa, ẹni tó bá kàwé tán máa ń jí láàárọ̀, á wọ bàtà, á gba ibi iṣẹ́ lọ. Èmi máa ń jí, ṣùgbọ́n n kì í mọ ibi tí n ó wọ bàtà lọ. Bí mo bá gbọ́ tí géètì àwọn aládùúgbò ń ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú á máa tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi. N kò sọ èyí fún ẹnì kankan rí. Mo ń sọ ọ́ níbí nítorí pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́tàlá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí fún mi.

Ọdún tó ṣáájú ni mo lọ ṣe ọdún iṣu lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Àǹtí ni mo máa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ náà, mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n wakọ̀ wá láti Èkó. Wọ́n wo ọdún, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni wọ́n sùn, nítorí pé wọn kò mọ ẹni tí wọ́n lè bi léèrè yàrá. Bẹ́ẹ̀, yàrá mẹ́rin ló ṣófo nílé Àǹtí. Mo tún rí ìyá arúgbó kan tó ń mọ ìkòkò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ta gbogbo èyí tó fi odindi oṣù mẹ́ta mọ. Ó wá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tó ṣófo níwájú rẹ̀ bí ẹni pé olè ló kó o. Mo bi Àǹtí bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọjà ṣe máa ń rí.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni," ni Àǹtí dáhùn. "Ọjọ́ kan lọ́dún ni ayé ń rántí pé a wà. Bí wọ́n bá rántí wa dáadáa lọ́jọ́ náà, ó tó wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi padà sí Ìsọlọ̀. Mo gbé e lé orí mi kiri bí ẹni gbé ẹrù tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Nígbà tó yá, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe: mo fẹ́ máa kó èèyàn lọ síbi ọdún ìbílẹ̀. Bàbá mi bọ́ awò ojú wọn.

"Mo rán ọ lọ sí yunifásítì kí o lè máa kó èèyàn lọ jẹ iyán?"

"Dádì, kì í ṣe iyán nìkan. Bí àlejò bá dé, á sùn, á jẹun, á ra ìkòkò, ọlọ́kadà á gbé e. Gbogbo ìlú ló máa kàn."

"Òrìṣà ńkọ́? Díákónì ni mí o."

Màmá mi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì wọn lórí tábìlì oúnjẹ. Wọn kò gbójú sókè. "Ìkórè tí ẹ̀yin díákónì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń ru iṣu wá síwájú pẹpẹ, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe ìyẹn?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ṣé iṣu ọ̀hún ló yàtọ̀ ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kì í yí ìpinnu wọn padà. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ọ́fíìsì ní Òṣòdì tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfuurufú. Àga akọ̀wé kan ṣófo níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn sì ti gbà láti fi í dè mí títí di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọdún. Bàbá mi na ìka sókè. "Bí bọ́ọ̀sì oníjókòó mẹ́tàlá tí o fẹ́ háyà yẹn bá kún, tí ẹ lọ, tí ẹ bọ̀ láìsí wàhálà, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí kò bá kún, Mọ́ńdè, ọ́fíìsì."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Mo sì gbà á látọkàn wá. Ohun tí n kò lè sọ ni pé mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó sórí àga náà, n kò ní dìde mọ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà burú. Èmi ni mo mọ ara mi: bí ẹ̀rù bá ti bà mí lẹ́ẹ̀kan tí mo sì rí ibi jókòó sí, màá fara mọ́ ọn títí n ó fi gbàgbé pé mo ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù. Ìlú wa kì í kọ ọjọ́ ọdún iṣu sórí kàlẹ́ńdà. Àwọn ìjòyè ló máa ń yẹ iṣu wò lóko, wọ́n á wo òṣùpá, wọ́n á sì kéde. Bàbá àgbà kan, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, wà lára àwọn ìjòyè náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, wọ́n pè mí lórí fóònù. Èkìtì wọn jinlẹ̀ ju èyí tí mo lè kọ sílẹ̀ lọ, nítorí náà bó ṣe yé mi ni mo ṣe kọ ọ́.

"A ti kéde rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìtàdógún òní la ó jẹ iṣu."

Ta ni kò mọ̀ pé ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún? Mo sáré lọ síwájú kàlẹ́ńdà. Mo fi ìka lé Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo pè é ní ọ̀kan, mo sì kà á lọ títí ìka mi fi balẹ̀ sórí Àbámẹ́ta. Mo pariwo. Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí báńkì kì í ṣí, tí ilé ẹ̀kọ́ kì í wọlé! A ó gbéra ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a ó wo ọdún ní Àbámẹ́ta, a ó padà ní ọjọ́ Àìkú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó bá mi yan ọjọ́ tó dára bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo fẹ́ ni mo kà dé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àdúrà tó gbà ni mo pè é.

Mo tẹ ìwé pélébé tí mo kọ Àbámẹ́ta sí gàdàgbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ohun tí èyí gbà lára mi. Kí n tó kan géètì kọ̀ọ̀kan, màá kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, màá sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lábẹ́lẹ̀. Ní ẹ̀sítéètì wa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó, gbà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Àgọ́ Palace gbà, ó sì fa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta mọ́ra. Tọkọtaya Ẹ̀gbá kan tí wọ́n ń ta táìlì gbà, lẹ́yìn tí ọkọ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

"Ẹ̀yin ará Èkìtì, kò sí ohun tí ẹ ò ní fi iyán ṣe. Ṣé a ó rí ẹran jẹ báyìí, àbí òkè la ó máa gùn ṣáá?"

"Ẹ óò rí méjèèjì, sà."

"Òkè náà pọndandan?"

Ìyàwó rẹ̀ ní kí n má dá a lóhùn, kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló parí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó dá mi padà tí ó sì dùn mí ni Ìyá Ìbejì, oníṣòwò aṣọ ní ọjà Aṣwani, ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé.

"Sátidé? Kí n ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé? Kí n tún pàdánù ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè? Ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ẹ lérò mìíràn."

Síbẹ̀, mẹ́tàlá pé. Àǹtí kun yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní funfun, wọ́n sì bá àwọn aládùúgbò wọn méjì sọ pé kí wọ́n ṣí tiwọn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ńlá ní Aṣwani. Èèyàn kì í rí ilẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ọdún ni mo lọ wá aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí n ó fi ṣe ìbòrí fún àwọn bẹ́ẹ̀dì Àǹtí. Àárín èrò ni mo wà nígbà tí Àǹtí pè.

"Ọ̀la kọ́, ọ̀tunla lẹ ń bọ̀, àbí? Mo fẹ́ mọ ìgbà tí n ó pa adìyẹ."

"Rárá, mà. Ọjọ́ Fúráìdè la ó gbéra. Sátidé lọdún."

Àǹtí gbé ohùn sókè. "Sátidé wo? Fúráìdè lọba ń jẹ iṣu. Kí lẹ fẹ́ wá ṣe ní Sátidé? Ṣé ẹ fẹ́ wá bá wa gbálẹ̀ ni?"

Mo fara ti òpó ṣọ́ọ̀bù kan, mo pe Bàbá àgbà lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní ìtàdógún, Ọjọ́rú sì ni. Mo kà á, mo kà á títí dé mẹ́tàdínlógún."

"Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?"

"Láti ọjọ́ kejì, sà."

"Ọjọ́ tí mo bá ọ sọ̀rọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ọjọ́ ni? Ṣé oòrùn kò yọ ní Èkó lọ́jọ́ náà?"

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n máa ń kó sínú igbá. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá kéde, kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní ìjókòó, wọ́n á ti mú ọ̀kan jáde. Òní ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí baba wọn ṣe kà á nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà. Ìlú kan wà tí gbogbo ọmọ kékeré ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo fẹ́ máa fi ìlú náà han àlejò ni kò mọ̀. Èyí ló dùn mí jù, ó dùn mí ju ìtìjú tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ pe dírẹ́bà tí mo ti háyà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn mi.

"Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. Ṣé àwọn èrò yín mọ ọjọ́ tí ọba jẹ iṣu? Ẹ jẹ́ ká lọ ní Fúráìdè yẹn náà. Ẹ ní kí àwọn ọmọdé jó díẹ̀ ní Sátidé. Ta ló máa mọ̀?"

N kò ní parọ́: mo rò ó. Mo rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, tí àwọn tó ru ẹrù aṣọ ń kígbe mọ́ mi pé kí n yà lọ́nà. Bọ́ọ̀sì á kún. Bàbá mi á gbà pé ó kún. N kò ní jókòó sórí àga Òṣòdì. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn lọ́kàn mi, tí wọ́n ń yin àwọn ọmọdé tó ń jó fún ọdún tó ti kọjá lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣe é, n kò ní lè kan géètì kankan mọ́ láyé mi. Mo rí i pé ẹ̀rù lè máa bà mí kí ẹsẹ̀ mi sì máa lọ. Mo sọ fún dírẹ́bà pé Ọjọ́bọ̀ ni a ó gbéra, ní aago méjì ọ̀sán, ní Òṣòdì.

"Pẹ̀lú àwọn wo?"

"Àwọn tó bá wà," ni mo ní.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ni ọ̀dọ́mọbìnrin báńkì. Ó jáde wá bá mi níwájú ilé iṣẹ́ wọn ní Àgọ́ Palace. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo tiẹ̀ sọ ọ́ jù, mo fi ìka ka ọjọ́ lójú rẹ̀ títí ó fi di ọwọ́ mi mú.

"Ó ti yé mi. Wọn ò lè fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láyè Tọ́sìdé àti Fúráìdè. Kò ṣeé ṣe rárá." Ó wò mí. "Ṣùgbọ́n o wá sọ fún mi. Bá mi ra àmù ńlá kan lọ́wọ́ ìyá tó o sọ pé ó ń mọ ìkòkò. Mo fẹ́ gbé e sí pálọ̀ mi."

Mẹ́rin ti lọ. Nínú àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, méjì ní ìdánwò. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ohùn mi sì ti ha.

"Fúráìdè?" ni wọ́n ní. "Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, ojoojúmọ́ ni Sátidé. Tí a bá tún padà dé ní Sátidé, mo máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Mo ti jẹ iṣu tuntun lóṣù tó kọjá. Ṣé wọn ò ní lé mi níwájú ọba?"

"Iṣu Èkó kò kàn wọ́n, mà."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí wọ́n bi mí."

Àwọn Ẹ̀gbá náà gbà. Ọkọ ní òun ti mọ̀ pé bí Èkìtì bá ń ka nǹkan, kí èèyàn máa fi ọ̀kan kún un tàbí kí ó yọ ọ̀kan kúrò. Ẹni méje ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì sunkún díẹ̀, nítorí pé ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sunkún lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ padà wá sí mi létí: wọ́n á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ta ló ti sọ ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè fún mi tẹ́lẹ̀?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, èmi ni mo kọ́kọ́ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì, kí òun fúnra rẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ ò ní pàdánù Sátidé pátápátá, mà. Ẹ ò sì ní pàdánù Sọ́ńdè rárá. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sán la ń lọ, Sátidé ọ̀sán la ó ti padà dé. Túsìdé, ọjọ́ ọjà yín, ti lọ." Ohun tó kàn yìí ni mo fi gbogbo òru múra sílẹ̀ fún. "Ẹ tún lè kó aṣọ dání. Ọjọ́ ọdún ni gbogbo ọmọ ìlú ń wálé. Wọ́n á fẹ́ ra nǹkan."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ họ orí. "Èèyàn mélòó ló ń wá?"

"Mi ò mọ iye wọn, mà. Mo kàn mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, ìyá oníkòkò kan ta ọjà rẹ̀ tán kí ọ̀sán tó pọ́n."

"Ìkòkò lèyí tó tán bẹ́ẹ̀? Aṣọ á wá ṣe báwo?" Ó yíjú sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó fi Èkìtì pariwo pé, ẹ gbọ́ o, ọmọ yìí ní ká lọ jẹ ọdún nílé, ká sì tajà níbẹ̀! Kí n tó kúrò níbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ti gbà. Ọ̀kan nínú wọn kò dé ìlú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

Méjìlá nìyẹn. Mo fi gbogbo ọjọ́ náà àti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ wá ẹnì kan péré. Mo bẹ ọ̀rẹ́, mo bẹ aládùúgbò, mo bẹ oníkẹ́míìsì àdúgbò wa. N kò rí ẹnikẹ́ni. Ní aago méjì, ní Òṣòdì, ẹrù aṣọ ti kún ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ti jókòó, èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àyè kan sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo pe bàbá mi.

"Dádì, kò kún. Àyè kan ṣófo."

"O rántí ohun tí a jọ sọ."

"Mo rántí, sà. Mo ṣì ń lọ."

Mo rò pé màá bú sẹ́kún lẹ́yìn tí mo pa fóònù náà. N kò sunkún. Ohun kan ti balẹ̀ nínú mi, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ẹrù kalẹ̀, tó sì wá rí i pé òun ṣì lè gbé e.

Ọdún náà ni kí n sọ, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀? Ọba gé iṣu tuntun níwájú gbogbo ìlú, wọ́n fi kan ẹnu, ìlú sì hó yèè, àwọn obìnrin dáná sun iṣu láti ẹnu ọ̀nà ààfin títí dé ọjà. Bàbá àgbà fi igbá wọn hàn mí. Òkúta kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ náà. Wọ́n mú un fún mi kí n fọwọ́ kàn án. Ọkọ Ẹ̀gbá jẹ iyán tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi bi í bóyá òkè ṣì pọndandan. Ìyá Ìbejì tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá oníkòkò, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn pe oníbàárà: ẹni tó bá ra ìkòkò, ìyá náà á nàka sí aṣọ. Gbogbo yàrá Àǹtí ló kún. Ìdílé kan láti Àkúrẹ́ wá kan ilẹ̀kùn wọn, Àǹtí sì fi wọ́n ránṣẹ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò. N kò rí ẹnikẹ́ni tó sùn sínú ọkọ̀ lọ́dún náà, mo sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí a fẹ́ padà ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, dírẹ́bà gbé àmù ọ̀dọ́mọbìnrin báńkì sórí àyè tó ṣófo, ó fi bẹ́líìtì dè é. Ó ní nínú gbogbo èrò tí òun gbé, àmù náà nìkan ni kò ní kí òun dúró kó lè tọ̀. Iṣu àti ìkòkò kún abẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa débi pé orí itan ara wa la fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé.

Bàbá mi ń dúró ní Òṣòdì. N kò pè wọ́n wá. Wọ́n wo bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń dágbére fún mi, tí Ìyá Ìbejì sì ń pariwo pé kí n má gbàgbé òun lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n yọjú wo inú bọ́ọ̀sì.

"Àyè wo ló ṣófo?"

Mo nàka sí àmù. "Ibẹ̀ yẹn ni, sà. Kò kún nígbà tí a ń lọ."

Wọ́n yíjú sí mi. "Mọ́ńdè ńkọ́?"

Mo ti mọ ohun tí n ó sọ láti ìlú wa títí dé ibẹ̀. "Màá lọ, sà. Èmi fúnra mi ni màá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, màá sì ní kí wọ́n fi àga náà fún ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin bá mi ru ìtìjú ìyẹn."

Bàbá mi wọ inú bọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n tú bẹ́líìtì kúrò lára àmù. "Di ìdí rẹ̀ mú dáadáa," ni wọ́n ní. "Kò gbọdọ̀ wá fọ́ ní Òṣòdì lẹ́yìn tó ti kúrò ní Èkìtì." Àwa méjèèjì la jọ gbé e.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ tí géètì àwọn aládùúgbò ń ṣí, mo sì wọ bàtà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi gbọ́ àlàyé mi, tó gùn jù bí ti gbogbo ìgbà, wọ́n sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n ìyàwó wọn á fẹ́ wo irú ọdún bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè ọjọ́ tí ti ọdún tó ń bọ̀ máa bọ́ sí.

"Wọn ò tíì kéde, sà," ni mo dáhùn. "Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde gan-an ni màá ti máa kà á."